ÌṢỌ́ ẸRANKO KÒ PARÍ SÍ ETÍ IGBÓ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni a sábà máa ń pa òwe yìí mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ti rí ní ọ̀dàn Serengeti, ní ilẹ̀ Tanzania, fi hàn wá pé òwe náà bá ẹranko wí pẹ̀lú. Ẹfọ̀n inú igbó, màlúù inú gàá àti ajá ẹ̀yìnkùlé, aládùúgbò ara wọn ni wọ́n. Ohun tí ó bá ń ṣe ọ̀kan kì í pẹ́ kí ó tó kan èkejì.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó di àkóso mú ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ṣì gbà pé bí a bá ti pa ààlà sí igbó kan, tí a lé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ jáde, tí a sì fi ìbọn lé àwọn aṣọ́gbó lọ́wọ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi kò lè ṣọ́ ohun tí ó wà nínú ọgbà. A yan Serengeti láti fi ṣe ẹ̀rí nítorí pé ó ti lé ní 60 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń ka ẹranko inú rẹ̀, tí wọ́n ń wọn koríko àti òjò rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Serengeti wà ní àríwá Tanzania, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kan ààlà Kenya. Ọgbà ìjọba tí ó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó 14,763 kìlómítà níbùú lóòró, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Pápá koríko gbalasa ni ó wà ní gúúsù rẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni ó pọ̀ ní àríwá àti ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí a kò ní ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí àwọn tí ń sọ èdè Swahili ń pè ní nyumbu. Ìwo rẹ̀ dà bí ti màlúù, ìrù rẹ̀ bí ti ẹṣin, ó sì ní irùngbọ̀n bí ti òbúkọ. Nyumbu yìí gan-an ni ó ni ọ̀dàn. Bí òjò bá rọ̀ sí gúúsù, wọn a wọ́ lọ síbẹ̀ láti bímọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, wọn a yí padà sí ìwọ̀-oòrùn àti sí àríwá, títí wọn yóò fi la odò Mara kọjá lọ sí Kenya níbi tí koríko tútù gbé kù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà a máa bá wọn rìn, kìnnìún àti ìkookò a sì máa fi ojú sọ́nà fún wọn.

Ní nǹkan bí 1890 ni àjàkálẹ̀ àrùn màlúù kan, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní rinderpest, dé agbègbè náà láti apá Etiópíà. Èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú màlúù àwọn Masai ni ó kú. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé màlúù fún Masai dà bí oko fún àgbẹ̀: wàrà rẹ̀ ni oúnjẹ, òun ni owó orí ìyàwó, òun náà ni ọlá. Nígbà tí Oscar Baumann, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Austria, gba ibẹ̀ kọjá ní 1892, àwọn ènìyàn tí ebi ti hanu kan egungun ni ó bá lójú ọ̀nà. Àrùn náà kò sì dúró sí ọ̀dọ̀ màlúù. Gbogbo ẹran tí pátákò rẹ̀ là sí méjì ni ó lè mú, nítorí náà ó ba nyumbu jà, ó ba ẹfọ̀n jà. Fún nǹkan bí 70 ọdún lẹ́yìn náà ni ó ń padà wá lemọ́lemọ́ láti pa àwọn ọmọ ẹran tí kò tí ì pé ọdún kan tàbí méjì. Àwọn Òyìnbó tí ó dé lẹ́yìn èyí rò pé bí Ọlọ́run ti dá ọ̀dàn náà ni wọ́n bá a. Wọn kò mọ̀ pé aláìsàn ni wọ́n ń wò.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Serengeti di ọgbà ìpamọ́ ẹranko ní 1951. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1958, Bernhard Grzimek, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti Michael ọmọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹranko láti òkè. Iye nyumbu tí wọ́n kà kò tó 100,000. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí Michael, nítorí pé ní oṣù kìn-ín-ní 1959 igún kan kọlu ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀run, ọkọ̀ náà sì já. Ní 1961 àwọn mìíràn tún un kà, wọ́n ya fọ́tò láti òkè kí kíkà lè péye, wọ́n sì rí nǹkan bí 260,000. Wọ́n ń kà á bọ̀, iye náà ń gòkè bọ̀. Nígbà tí ó di 1977, nyumbu ti lé ní 1,300,000.

Kí ni ó fa irú ìbísí yìí? Àwọn kan ní òjò ni. Àwọn mìíràn ní ìṣọ́ àwọn aṣọ́gbó ni. Ẹ wo bí àwọn oníwàdìí ti tú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lákọ̀ọ́kọ́, nyumbu pọ̀ sí i, ẹfọ̀n pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kò kúrò níbi tí ó wà. Bí ó bá ṣe òjò ni, tàbí ìṣọ́, ì bá kan gbogbo wọn, nítorí koríko kan náà ni wọ́n ń jẹ, ọgbà kan náà ni wọ́n sì wà. Kí ni ó ya kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sọ́tọ̀? Pátákò rẹ̀ kò là. Àrùn màlúù náà kì í mú un. Ìkejì, Anthony Sinclair, tí ó dé ní àárín àwọn ọdún 1960 láti wádìí ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n, rí i nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pé àwọn tí a bí ṣáájú nǹkan bí 1963 ní àmì àrùn náà lára, ṣùgbọ́n àwọn tí a bí ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò ní in mọ́. Àrùn náà ti kúrò nínú igbó.

Ta ni ó lé e jáde? Kò sí ẹni tí ó gún nyumbu kan ṣoṣo ní abẹ́rẹ́. Màlúù àwọn darandaran tí ó wà ní ìta ọgbà ni àwọn oníṣègùn ẹran gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Bí àrùn náà kò ti rí màlúù wọ̀ mọ́ ni kò rí ibi tí yóò ti máa bọ́ sínú igbó. Ohun tí kò sí ẹni tí ó rò ni èyí fi yé gbogbo ayé: nínú agbo màlúù ni àrùn náà fi ṣe ibùgbé, nyumbu àti ẹfọ̀n kàn ń kó o ni. Ẹni tí ó tọ́jú màlúù Masai ni ó gba Serengeti là, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé wa rárá. Walter Plowright, oníṣègùn ẹran ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe abẹ́rẹ́ tí ó dára ju ti àtijọ́ lọ, ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà níhìn-ín pẹ̀lú Kenya. Nígbà tí àwọn ìjọba Áfíríkà pa ọwọ́ pọ̀ láti gbógun ti àrùn náà ní 1962, Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa lè rántí pé nígbà tí a dẹ ọwọ́, àrùn náà padà wọ ilẹ̀ wa ní 1983, ó sì pa màlúù rẹpẹtẹ. A kò sinmi lórí rẹ̀ títí a fi ṣẹ́gun. Ní 2011 ni gbogbo àgbáyé kéde pé rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, ó sì jẹ́ àrùn kejì tí ọmọ aráyé rí pa run, lẹ́yìn ìgbóná tí a kéde òpin rẹ̀ ní 1980.

Nígbà tí nyumbu di púpọ̀, ìtàn mìíràn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọn kò pọ̀, koríko a máa ga, a gbẹ, iná ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa jó apá tí ó pọ̀ jùlọ nínú ọ̀dàn lọ́dọọdún. Bí ọmọ igi bá ti yọrí, iná á pa á. Nígbà tí nyumbu lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n jẹ koríko náà kan ilẹ̀, iná kò rí ohun tí yóò jó mọ́, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí hù níbi tí kò ti sí igi tẹ́lẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé ọ̀dàn tí èéfín rẹ̀ ti ń lọ sínú afẹ́fẹ́ nígbà náà ti wá di èyí tí ń kó afẹ́fẹ́ èéfín pamọ́ sínú igi àti ilẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a gún ní ìbàdí màlúù ni ó so èso sí orí igi. Ta ni ì bá lè mọ èyí ní àmọ̀tẹ́lẹ̀? Àwọn tí ó jókòó tì í fún ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà ni a fi ń sọ pé sùúrù wà nínú ohun èlò ìtọ́jú igbó. Ní àwọn ọdún 1960, ìbẹ̀rù-bojo mú àwọn kan pé erin ń wó gbogbo igi ọ̀dàn tán, wọ́n sì ń dábàá pé kí a yìnbọn pa wọ́n dín kù. Ní ọgbà Kruger ní ilẹ̀ South Africa, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: láti 1967 dé 1994, erin tí wọ́n pa níbẹ̀ ju 14,000 lọ. Ní Serengeti, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ wádìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé erin lè wó igi àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ni ó ń pa àwọn ọmọ igi tí ì bá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá yìnbọn kí ó tó bèèrè, ẹlòmíràn ni yóò jìyà ẹ̀ṣẹ̀ iná.

Ìkìlọ̀ kejì dé ní 1994, láti ẹnu ajá. Kìnnìún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n rìrì, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń kú. Kí ó tó di òpin ọdún náà, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo kìnnìún Serengeti ti lọ, nǹkan bí 1,000 nínú 3,000. Àrùn ajá kan tí ń jẹ́ distemper ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn ajá ilé ní àwọn abúlé tí ó yí ọ̀dàn náà ká. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún wádìí rẹ̀ sí i, wọ́n rí i pé ọ̀dá ńlá ti 1993 ti sọ ẹfọ̀n di ahẹrẹpẹ, eégbọn sì bò wọ́n. Bí kìnnìún ti ń jẹ òkú ẹfọ̀n wọ̀nyí ni eégbọn ń kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ràn wọ́n, nígbà tí àrùn ajá sì dé bá wọn, wọn kò ní agbára láti bá a jà. Ọ̀dá, eégbọn, ẹfọ̀n, ajá àti kìnnìún: okùn kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ láti abúlé dé abúlé láti gún ajá ní abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ ènìyàn sì jèrè rẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà kan ti àrùn dìgbòlugi pẹ̀lú.

A kò sọ pé aṣọ́gbó kò wúlò o. Nígbà tí Tanzania àti Kenya ní gbólóhùn asọ̀, tí Tanzania sì ti ààlà pa ní 1977, àwọn àlejò tí ń mú owó wá dín kù, owó iṣẹ́ ìṣọ́ sì gbẹ. Àwọn olè ọdẹ wọlé. Erin tí ó tó nǹkan bí 2,500 kò ju bí 500 lọ mọ́ ní àárín àwọn ọdún 1980, àgbáǹréré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí owó dé, tí ìṣọ́ sì tún padà, erin àti ẹfọ̀n tún bẹ̀rẹ̀ sí gbèrú. Ìbọn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbọn kò lè yin àrùn, kò lè yin iná, kò sì lè yin ebi tí ń lé ọmọ abúlé lọ dẹ wáyà sílẹ̀ fún nyumbu.

Èyí gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dunni. Ní 1958 ni wọ́n mú kí àwọn àgbà Masai fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní gbé inú Serengeti mọ́, wọ́n sì kó lọ sí apá Ngorongoro ní 1959. Ìran wọn ti ń da ẹran láàrin nyumbu kí ẹnikẹ́ni tó dá ọgbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2022, nígbà tí ìjọba Tanzania ń ri òpó ààlà yí nǹkan bí 1,500 kìlómítà níbùú lóòró ká ní Loliondo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Serengeti, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́pàá kan kú, ọ̀pọ̀ Masai sì fara gbọgbẹ́. Àwọn aláṣẹ ní màlúù ti pọ̀ jù. A kò lè sẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé bí ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn ti ń kún etí ọ̀dàn sí i ni ẹranko ń há ara wọn mọ́ àárín, tí ilẹ̀ àárín náà sì ń jìyà. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn tí a sọ lókè kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ọwọ́ ẹni tí ń bẹ ní etí igbó ni ìlera igbó wà. Bí olówó màlúù kò bá mú màlúù rẹ̀ jáde fún abẹ́rẹ́, bí bàbá ọlọ́jà kò bá mú ajá rẹ̀ wá, kò sí ohun tí àwọn onímọ̀ lè ṣe. Ǹjẹ́ ẹni tí a lé, tí a lù, tí a kò sì pín nínú owó àlejò fún, ṣé yóò dìde láti bá wa ṣọ́ ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Kí a jókòó bá a sọ̀rọ̀ bí onílé sí onílé ni ọ̀nà àbáyọ.

Ní oṣù kẹsàn-án 1961, oṣù díẹ̀ kí Tanganyika tó gba òmìnira, Julius Nyerere kéde ní Arusha pé ìtọ́jú ẹranko igbó jẹ́ ọ̀ràn tí ó kan gbogbo ọmọ Áfíríkà, pé ara ọrọ̀ ilẹ̀ náà ni wọ́n, àti pé ó gba àwọn amòye, òṣìṣẹ́ àti owó láti ṣe é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1963 a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú ẹranko igbó sí Mweka, ní 1966 a sì dá ilé ìwádìí Serengeti sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé pé tíṣà ni Nyerere kí ó tó di olórí. Mwalimu, èyí tí í ṣe olùkọ́, ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Ó mọ̀ pé ohun tí a kò bá kà, a kò lè mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ tàbí ó ń dín.

Kíkà náà tún ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Tanzania pinnu ní 2010 láti la títì ọkọ̀ gba àríwá ọ̀dàn kọjá, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni ó wà nílẹ̀ láti fi hàn pé ojú ọ̀nà nyumbu gan-an ni títì náà yóò dábùú. Ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní 2014 ilé-ẹjọ́ náà sì ka ọ̀nà ọlọ́dà léèwọ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, kí ni à bá fi jẹ́rìí?

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ilé. Igbó ìpamọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ààfin àwọn baba ńlá wa tí ó ti di ahoro sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ màlúù tí ń wọ inú rẹ̀ jẹko, àti ti àwọn ọdẹ tí ń yọ́ wọ ibẹ̀ lóru, kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún kò pọ̀, mẹ́ta péré ni. Ẹ máa ka ẹranko inú rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ sì tẹ iye náà jáde kí gbogbo ènìyàn rí i. Ẹ rán àwọn oníṣègùn ẹran sí gàá àti sí abúlé tí ó yí i ká, kí abẹ́rẹ́ màlúù àti ti ajá má ṣe wọ́n wọn. Ẹ pe àwọn baálẹ̀, àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran jókòó, kí wọ́n ní ohùn àti ìpín nínú ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ mọ bí a ti ń bèèrè títì, iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ olóṣèlú nígbà ìdìbò. Ẹ fi èyí kún un. Owó ìwádìí kì í hàn sójú bí afárá, kì í sì í parí láàrin ọdún mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ jáde kúrò nínú kíláàsì lọ sí etí odò, kí wọ́n ka iye ẹyẹ tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn tún un kà lọ́dún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Serengeti ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí àrùn àti ebi kò bá sì tán ní etí igbó, aṣọ́gbó kò ní sinmi láéláé.